Ife Tí Wọn Kò Bẹ Ọkọ Mi Kó Gbà

Pákó méjì ni ọkọ mi ní kí káfíńtà kàn mọ́ ògiri pálọ̀ wa ní Ẹgbẹ́dá, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Nígbà tí mo bi í pé kí ló fẹ́ gbé síbẹ̀, ó ní ìwé ni. Mo wò ó, mo rẹ́rìn-ín. Ìwé wo? Bíbélì wa wà lórí tábìlì, ìwé àwọn ọmọ sì wà nínú àpótí wọn. Nígbà tí káfíńtà béèrè bí àlàfo àárín pákó méjèèjì ṣe máa ga tó, ọkọ mi kò lo rúlà. Ó na ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ògiri, ó fi àtàǹpàkò àti ìka kékeré wọ̀n ọ́n, ó tún wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì, ó ní kí wọ́n kan tòkè síbẹ̀. Èmi mọ ohun tó ń wọ̀n. Kò tíì pẹ́ tí a lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ balógun ẹgbẹ́ eléré wọn, tí ife ẹ̀yẹ ọdún náà wà lórí rédíò ńlá tó wà nílé rẹ̀. Mo rí ọkọ mi tó na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ife yẹn, láti ìdí dé orí, bí ẹni tó ń nu eruku kúrò lára rẹ̀.

Ìgbà tí mò ń sọ yìí ni owó epo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ àwọn èèyàn. Oko ẹ̀gẹ́ ló ṣì pọ̀ jù láàárín Ẹgbẹ́dá àti Ìkòtún, ṣùgbọ́n bí o bá gba ẹ̀gbẹ́ oko kan kọjá lóṣù yìí, bó o bá máa padà síbẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀, búlọ́ọ̀kù lo máa bá níbẹ̀. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà, tí owó ilé ibẹ̀ ti ń kọjá agbára wọn, ló ń wá yálé lọ́dọ̀ wa. Akọ̀wé ni ọkọ mi ní ilé iṣẹ́ kan níbẹ̀. Ó ti ṣe tíṣà rí, ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ló sì ti kọ́ eré kan tí mi ò rí irú rẹ̀ rí kí n tó fẹ́ ẹ. Kíríkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè é.

Kí n sọ ọ́ bó ṣe yé èmi. Wọ́n á ri igi mẹ́ta mọ́lẹ̀. Ọkùnrin kan á dúró síwájú igi náà pẹ̀lú pátákó gbọọrọ lọ́wọ́. Ẹnìkan láti ẹgbẹ́ kejì á sáré bọ̀ láti òkèèrè, á sì ju bọ́ọ̀lù pupa kan tó le bí òkúta sí igi yẹn. Iṣẹ́ ẹni tó mú pátákó dání ni kó má jẹ́ kí bọ́ọ̀lù ba igi òun. Bó bá gbá bọ́ọ̀lù jìnnà, á sáré, ìyẹn ni wọ́n fi ń ka máàkì. Bí bọ́ọ̀lù bá wó igi rẹ̀, tàbí tí ẹnìkan bá hán bọ́ọ̀lù tó gbá kó tó kanlẹ̀, ó jáde nìyẹn, ẹlòmíì á wọlé. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni. Wọ́n á jẹun láàárín rẹ̀, wọ́n á tún mu tíì. Ohun tó wá ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé wọ́n lè ṣe gbogbo wàhálà yẹn tán kí ẹnikẹ́ni má borí. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, tí ẹgbẹ́ tó ń jù ú kò tíì lé gbogbo ẹgbẹ́ kejì jáde, ọ̀mì ni. Wọ́n á bọ ara wọn lọ́wọ́, oníkálukú á lọ sílé.

Èmi ni mo ń rán ṣòkòtò funfun tí wọ́n fi ń ṣe é. Iṣẹ́ aránṣọ ni iṣẹ́ mi, iwájú ilé wa náà ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Gbogbo ìbàdí wọn pátá ni mo mọ̀, mo mọ ẹni tó ń sanra àti ẹni tí ìyàwó rẹ̀ kì í fún lóúnjẹ. Èmi ni mò ń fọ ti ọkọ mi, tí mò ń fi búlúù sí i, tí mò ń ta á ní sítáàṣì, kó tó di pé ó lọ fi bọ́ọ̀lù pupa yẹn ra itan. Wọ́n ní kí bọ́ọ̀lù lè máa dán ni. Àwọ̀ pupa yẹn kì í lọ bọ̀rọ̀. A jà lórí ẹ̀ ju bí a ṣe jà lórí ohunkóhun lọ nínú ìgbéyàwó wa, inú mi sì máa ń dùn báyìí pé orí ìyẹn la ti jà.

Lọ́dọọdún, nígbà tí eré bá parí tí òjò fẹ́ máa rọ̀, ẹgbẹ́ wọn máa ń pe ìpàdé ní kíláàsì kan ní ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń lo pápá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ife fún ẹni tó ṣe dáadáa jù lọ́dún náà. Ife kékeré kan ni, fàdákà tó ti ń ṣú, àwọn tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ló rà á. Ẹni tó bá gbà á á gbé e sílé títí di ọdún kejì, á sì dá a padà. Ọkọ mi wà lára àwọn tó fi àdá ṣán pápá yẹn níbẹ̀rẹ̀, tó sì ń gbé ẹní tí wọ́n ń tẹ́ sójú eré láti ilé wa lọ, láti pápá bọ̀ wálé. Kò gba ife yẹn rí. Kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo bá a gbé, mo mọ̀ pé ó ń dùn ún.

Ọdún tí ó kan pákó mọ́ ògiri yẹn ni àìsàn ti wọ ara rẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú lálẹ́. Dókítà tí a rí ní Ìkẹjà ní ẹ̀dọ̀ ni, ó ní kó sinmi, kó má sáré mọ́. Ó dá dókítà lóhùn pé òun gbọ́, sà. Nígbà tí a jókòó sínú ọkọ̀ tó ń bọ̀ ní Ìyànà Ìpájà, ó ní òun máa parí eré ọdún yìí, lẹ́yìn náà òun á sinmi. Ohùn tó fi sọ ọ́ kò jẹ́ kí n lè bá a jà. Àwa méjèèjì mọ irú ìsinmi tí dókítà ń sọ, a kàn ń fi ọ̀rọ̀ bò ó mọ́lẹ̀ ni.

Ìdíje tó kẹ́yìn lọ́dún náà, àwọn kan láti Yàbá ló wá bá wọn ṣe é. Mo gbé oúnjẹ lọ fún wọn lọ́sàn-án, mo sì dúró. Àwọn ará Yàbá mú wọn bí ẹni mú adìyẹ. Ẹni yìí wọlé, ó jáde. Ẹni tọ̀hún wọlé, ó jáde. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà láàárín wọn, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aṣọ, alágbára gidi ni, kò sí ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù jìnnà bíi tirẹ̀. Òun náà gbá mélòó kan tó fò kọjá òrùlé ilé ẹ̀kọ́, àwọn èèyàn pariwo, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí wọ́n fi hán bọ́ọ̀lù rẹ̀. Ọkọ mi ló wá wọlé. Kò tíì pẹ́ tí a jẹun ọ̀sán tán.

Kò gbá ohunkóhun jìnnà. Ó kàn dúró síwájú igi rẹ̀. Bí wọ́n bá jù ú, á fi pátákó dá a dúró, bọ́ọ̀lù á kú síbẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n jù ú kíkankíkan, bọ́ọ̀lù bà á ní àyà, ó bà á ní ìhà. Ó ń ra ojú ibẹ̀ díẹ̀, ó tún ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn èèyàn ti sú, wọ́n ń lọ sílé. Bàbá onílẹ̀, ìyẹn bàbá àgbà tí ìdílé rẹ̀ ló ni ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ ilé ẹ̀kọ́ náà sí, gba ibẹ̀ lọ sí oko rẹ̀, ó sì tún gba ibẹ̀ bọ̀ pẹ̀lú igi ìdáná lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ọkọ mi ṣì wà níbẹ̀. Títí oòrùn fi wọ̀, wọn ò lè lé e jáde. Ọ̀mì ni wọ́n ta. Nígbà tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá àwọn ọmọ, ṣé o rí mi?" Mo ní mo rí yín. Mo fi omi gbígbóná tẹ ara rẹ̀ nígbà tí a délé. Ojú ibi tí bọ́ọ̀lù ti bà á wà káàkiri àyà rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ ti ń lọ láàárín wọn pé òun ni ife máa kàn. Balógun wọn wá sílé wá sọ ọ́ fún mi ní bòókẹ́lẹ́. Ọkọ mi ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó kúrò níjokòó, ó lọ fi aṣọ nu pákó méjèèjì yẹn, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan kan lórí wọn.

Kí n tó dé orí ìpàdé, ẹ jẹ́ kí n sọ irú èèyàn tó jẹ́, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ìyá ìyá rẹ̀ ló tọ́ ọ, ìyá yẹn kì í sì í ṣe ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ ìwà ṣeré. Bí a bá pe ọkọ mi síbi oúnjẹ, á ní ó á gba ibi ire. Bí a bá tún pè é, á ní òun ti yó. Ó di ìgbà tí a bá bẹ̀ ẹ́ kó tó fọwọ́ kan omi. Gbogbo wa ni wọ́n kọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá gba nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà tí wọ́n fún un, ọ̀kánjúwà ni. Ṣùgbọ́n tirẹ̀ pọ̀ jù. Nígbà tí bàbá mi sọ fún un pé òun fún un lọ́mọ, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní òun kò tó bẹ́ẹ̀, sà. Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Inú bí mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde lọ bi í pé ta ló wá tó bẹ́ẹ̀. Bàbá mi ló rọra bẹ̀ ẹ́, ó ní kó jọ̀ọ́, kó gbà mí. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó gbà.

Alága tuntun ni ẹgbẹ́ wọn ní lọ́dún yẹn. Kọngílá ni, òun ló ń kó yanrìn àti sìmẹ́ǹtì fún àwọn tó ń kọ́lé láti ọ̀dọ̀ wa títí dé Abúlé Ẹ̀gbá. Kò gbá kíríkẹ́ẹ̀tì rí láyé rẹ̀. Torí owó rẹ̀ ni wọ́n ṣe fi í jẹ alága, òun náà mọ̀, kò sì bínú sí i. Èèyàn dáadáa ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ra fáànù onírin kan tó tóbi, ó ní ẹni tó bá gba ife lọ́dún náà á gbé fáànù náà kún un.

Fáànù yẹn ló dá ìjà sílẹ̀. Nígbà tó jẹ́ ife dúdú kékeré nìkan ni, kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n pé kí ni wọ́n ṣe. Ní ọjọ́ ìpàdé, kíláàsì kún. Àwa obìnrin jókòó sí ẹ̀yìn, mo gbé mọ́ínmọ́ín lọ. Wọ́n pe bàbá onílẹ̀ wá gẹ́gẹ́ bí àlejò, àga tíṣà ni wọ́n sì fún un jókòó. Kò pẹ́ tí ìpàdé bẹ̀rẹ̀ ló bi wọ́n léèrè pé, nínú gbogbo ìdíje tí wọ́n ṣe lọ́dún yẹn, èwo ni wọ́n borí. Balógun ka díẹ̀ fún un. Bàbá ní èyí tó kẹ́yìn ńkọ́? Wọ́n ní ọ̀mì ni. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má bínú sóun o, ṣùgbọ́n òun kò rí ìdí tí a ó fi máa fún ẹni tó ta ọ̀mì ní fáànù, nígbà tí òrùlé kíláàsì tí a jókòó sí yìí ń jò.

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ sílẹ̀. Ẹnìkan dìde, ó ní lóòótọ́, ṣé ó yẹ kí ẹni tó ń ṣeré máa gba ẹ̀bùn ọdọọdún? Ṣé ẹni tó ń kọ́ ọmọ ń gbà á? Ṣé àwọn tó ń wa kòtò ojú ọ̀nà ń gbà á? Ẹlòmíì ní kò sí ohun tó burú níbẹ̀, ìwúrí ni. Alága ní ẹni tó bá mú inú ìlú dùn ló yẹ kó gba ẹ̀bùn, ẹni tó bá sì gbá bọ́ọ̀lù kọjá òrùlé, tí ọmọdé àti àgbà pariwo, òun ló mú inú ìlú dùn. Gbogbo wa mọ ẹni tó ń sọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin ilé iṣẹ́ aṣọ yẹn wo ilẹ̀.

Balógun ló wá dìde fún ọkọ mi. Ó sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó ní bí kì í bá ṣe ọkùnrin yìí, ìtìjú ni wọn ì bá fi parí ọdún. Ó ní kò rọrùn kí èèyàn dúró bẹ́ẹ̀ kó má ṣe ohun tí wọ́n máa yìn ín fún, kó ṣáà má jẹ́ kí wọ́n wó igi òun. Alága ní ó dára, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó pariwo fún un, àbí àwọn kan pariwo? Wọ́n ń bá a lọ bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi jókòó sójú kan, ó gbé fìlà rẹ̀ lé orúnkún. Mò ń wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Ó ti gbẹ, ọrùn ẹ̀wù tí mo rán fún un ti wá fẹ̀ jù ú lọ.

Nígbà tí ariwo pọ̀, bàbá onílẹ̀ na ọwọ́ sókè. Ó ní èrò òun kò yí padà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gba nǹkan kan. "Ṣùgbọ́n bó bá pọn dandan pé kí ẹ fún ẹnìkan," ó ní, "mo lọ sóko lọ́jọ́ yẹn, mo bá ọkùnrin yìí lórí ìdúró. Mo ti oko bọ̀, mo bá a lórí ìdúró. Òun ni kí ẹ fún." Ló bá dìde, ó ní àkókò ìrun àsárì ti tó, òun fẹ́ lọ ṣe àlùwàlá. Ó mú kẹ́tùlù tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gba ẹ̀yìn kíláàsì lọ.

Ọ̀rọ̀ àgbà ló parí ẹ̀. Wọ́n ní kí àwọn tó fara mọ́ ọkọ mi na ọwọ́, ọwọ́ sì pọ̀. Mo ń fi etí aṣọ nu ojú mi. Alága gbé ife sórí tábìlì, ó kọjú sí ọkọ mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n wí. Kí ni ẹ̀yin fúnra yín rí sí i?"

Ọkọ mi dìde. Ó tẹríba díẹ̀. Ó ní, "Alága, mi ò tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wà níbí tí wọ́n ṣe jù mí lọ. Ẹ fún wọn."

Kò sí ọmọ Yorùbá kan nínú kíláàsì yẹn tí kò mọ ohun tó kàn. Ẹnìkan á ní, rárá o, ẹ jọ̀ọ́. Òun á tún kọ̀ díẹ̀. Ẹlòmíì á ní, a bẹ̀ yín. Òun á gbà á. Gbogbo wa ń dúró dè é. Balógun kò lè sọ̀rọ̀, ó ti sọ tirẹ̀ fún un, wọ́n á ní nítorí pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni. Èmi ìyàwó rẹ̀ kò lè bẹ̀ ẹ́ ní gbangba. Àwọn tó kù ń wo ojú ara wọn, torí àgbà ló yẹ kó kọ́kọ́ la ẹnu, àgbà tó wà níbẹ̀ sì ń fọ ẹsẹ̀ lẹ́yìn kíláàsì. Mo ń gbọ́ bí omi ṣe ń dà sílẹ̀. Ọkọ mi ṣì wà lórí ìdúró pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́.

Alága ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Àgbà gidi ni yín." Ó pàtẹ́wọ́, àwọn èèyàn bá a pàtẹ́wọ́. Ó wá pe ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn pé kó bọ́ síwájú. Ọmọ náà bọ́ síwájú, ó wo ọkọ mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní òun kò tó bẹ́ẹ̀, sà. Alága fà á dìde, ó ní rárá, jọ̀ọ́, gbà á. Ó tún kọ̀. Alága tún bẹ̀ ẹ́. Ó gbà á.

Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá alága mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, tàbí pé ó kàn ń yára nítorí ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù. Mo ti rò ó síwá, mo ti rò ó sẹ́yìn. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ èèyàn, ojú wa ló ti bẹ ọmọ yẹn.

Bàbá onílẹ̀ parí ìrun rẹ̀, ó wọlé. Ó rí ife lọ́wọ́ ọmọ náà. Ó wo ọkọ mi. Wọ́n ṣàlàyé fún un pé ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló ní òun kò fẹ́. Bàbá ní, "Ṣé ẹ bẹ̀ ẹ́?" Balógun fi ọwọ́ bo ojú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín mọ́ínmọ́ín mi.

Ẹsẹ̀ la fi rìn lọ sílé. Mo gbé abọ́ sórí, ó ń bọ̀ lẹ́yìn mi díẹ̀díẹ̀, torí ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí a kọjá oko ẹ̀gẹ́ tó kẹ́yìn, mo gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ní, "Wọn ò bẹ̀ mí."

Mo dúró. Gbogbo inú tó ti ń bí mi láti kíláàsì ló jáde, orí rẹ̀ ló sì jáde sí. Mo ní, "Ẹ̀yin náà, kí ló dé tí ẹ ò kàn gbà á?"

Ó ní, "Báwo ni mo ṣe máa gbà á lẹ́ẹ̀kan náà? Kí wọ́n lè sọ pé ojú ń kán mi?" Ó mí díẹ̀. "Mo ti mọ ohun tí mo máa sọ fún wọn, tí wọ́n bá bẹ̀ mí tán. Mo ti tò ó sọ́kàn."

Mo ní kó sọ ọ́ fún mi. Ó mi orí. Ó ní kì í ṣe nǹkan téèyàn ń sọ lójú ọ̀nà.

Mi ò gbọ́ ọ títí ó fi kú. Kò tún lọ sí pápá mọ́. Nígbà tí òjò wá ń rọ̀ gan-an, ikùn rẹ̀ wú, a gbé e lọ sí ọsibítù ní Ìkẹjà, a sì gbé e kúrò níbẹ̀ lọ sí ìlú wọn, lọ sin ín. Nígbà kan tí mo jókòó tì í ní ọsibítù, mo tún bi í léèrè ọ̀rọ̀ yẹn. Mo rò pé á sọ ọ́. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní òun ti gbàgbé rẹ̀. Irọ́ ló ń pa. Ó mọ̀ pé mo mọ̀. Mo jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, mo sì ń sunkún nígbà tó ti sùn.

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá bá mi lẹ́yìn ìsìnkú. Alága ló ṣáájú, ó wọ dúdú, balógun tẹ̀ lé e, ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbé nǹkan kan tí wọ́n fi aṣọ bò dání, bàbá onílẹ̀ sì fi ọ̀pá rìn wá. Nígbà tí wọ́n ṣí aṣọ náà, ife ni. Kì í ṣe ti àtijọ́. Alága ló ra tuntun fúnra rẹ̀, ó ń dán bíi wúrà, ó ní etí méjì, ó ga. Ó ní a kò ní dá a padà láé, tiwa ni. Ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ gbà á fún wa."

Mo ní, "Ẹ ṣeun. A ò tó bẹ́ẹ̀."

Balógun ní jọ̀ọ́. Mo ní rárá, ẹ gbé e padà. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn kúnlẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ̀ ọ́, ẹ̀gbọ́n tó bẹ́ẹ̀." Mo ní rárá. Alága, pẹ̀lú gbogbo agbádá rẹ̀, òun náà kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì pálọ̀ mi. Ó ní òun bẹ̀ mí, òun bẹ ẹ̀gbọ́n náà níbi tó wà, kí a dákun, kí a gbà á. Mi ò bínú sí i mọ́. Ohun tí ọkọ mi dúró láti gbọ́ nínú kíláàsì yẹn ni wọ́n ń sọ, mo sì fẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tó. Mo jẹ́ kí wọ́n bẹ̀ mí, wọ́n bẹ̀ mí títí. Bàbá onílẹ̀ ló wá fi ọwọ́ kàn mí léjìká. Ó ní, "Ó ti tó, ọmọ mi. Gbà á lọ́wọ́ wọn."

Mo gbà á. Wọ́n retí pé kí n sọ̀rọ̀. Mi ò ní ọ̀rọ̀ kankan. Ẹni tó tò ó sọ́kàn ti gbé e lọ.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo gbé ife náà lọ sí ara ògiri, sáàárín pákó méjì. Kò wọlé. Mo gbé e síwájú, mo gbé e sẹ́yìn, orí rẹ̀ ń kan pákó òkè. Mo wá tẹ́ aṣọ funfun kan síbẹ̀, mo sì fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà títí di òní. Ìkòtún ti kan Ẹgbẹ́dá, kò sí oko láàárín wọn mọ́, ilé sì ti bo pápá yẹn. Àwọn ọmọ mi máa ń sọ pé kí n jẹ́ kí àwọn pe káfíńtà kó gbé pákó òkè sókè díẹ̀, kí ife náà lè nàró. Mo máa ń ní rárá. Ọwọ́ bàbá wọn ló wọ̀n ọ́n.